Kọ́mẹ́ńtì Tí Kò Lámì

Bí ẹ bá rí ẹni tó ní iṣẹ́ ìjókòó ò le, ẹ bá mi gbá a létí. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń jókòó sídìí tábìlì kan náà, tí mò ń bójú tó kọ́mẹ́ńtì lórí búlọ́ọ̀gì ilé ìtọ́kọ̀ṣe kan. Ọ̀gá mẹkáníìkì ló ń kọ àròkọ: bí a ṣe ń tọ́jú bátìrì, ìgbà tó yẹ ká pààrọ̀ ọ́ìlì. Èmi ni mò ń ka ohun tí àwọn èèyàn bá kọ sábẹ́ ẹ̀. Èyí tó dára, mo tẹ̀ ẹ́ wọlé. Èyí tó jẹ́ èébú, mo pa á rẹ́. Èyí tó jẹ́ ìbéèrè, mo dáhùn ẹ̀, nítorí ogún ọdún ni mo fi ṣe akọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ kí wọ́n tó ní kí n lọ sinmi. Bàbá Kọ́mẹ́ńtì ni ọ̀gá ń pè mí. Mo kọ́kọ́ bínú sí i, ó wá mọ́ mi lára.

Àwọn tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ẹnì kan á kọ ọ́ pé, "Epo moto mi n jo." Ó ń jò ni, àbí ó ń jó? Èyí tó ń jò, kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Èyí tó ń jó, kó yáa sá! Mo ní kí wọ́n máa fi àmì sí i, wọ́n ní ṣé tíṣà ni mí.

Yàrá méjì ni mò ń gbé. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ọ̀kan ti pọ̀ jù. Ọmọbìnrin mi máa ń pè lọ́jọ́ Àìkú. "Dádì, ṣé ẹ ti jẹun? Ṣé ẹ ti lo oògùn yín?" Bí mo bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, ó parí nìyẹn, ọmọ ti ń sunkún lọ́dọ̀ ẹ̀ lọ́hùn-ún. Ká má parọ́, àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé láti àárọ̀ dalẹ́, ohùn mi ò ní jáde lẹ́ẹ̀kan. Ìka mi nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo tó ń bá mi tàkúrọ̀sọ ni ẹni tó ń pe ara ẹ̀ ní Àgbà-Awakọ̀. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Tí aago méje àárọ̀ bá ti lù, kọ́mẹ́ńtì ẹ̀ nípa ògbólógbòó ọkọ̀ ẹ̀ á wọlé. Lónìí, rédíétọ̀ ló ń mu omi. Lọ́la, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni kò ṣí. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọkọ̀ yín yìí, ṣé kì í ṣe pé ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ iléèwé ni?" Òun náà á dá a padà fún mi: "Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n tó báyìí, mo mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ lásán ẹ ò ní." Ọdún mẹ́ta la fi ṣe é. Mi ò mọ ojú ẹ̀, mi ò mọ orúkọ ẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ díẹ̀ láàárọ̀, ara mi kì í balẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ kan, kò kọ nǹkan kan. Ọjọ́ kejì, kò kọ. Ó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Mò ń bi ara mi pé ṣé mo ti ṣẹ̀ ẹ́ ni, ṣé yẹ̀yẹ́ mi ti wá pọ̀ jù. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, orúkọ ẹ̀ yọ:

"E kaaro. Oko mi ti ku. Ojo Aje lo ku mo mi lowo. Mi o mo eni ti n ba so."

Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín sókè nínú yàrá tí kò sẹ́nì kankan. Ọkọ̀ tó ń kú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tún ti kú! Mo fèsì, mo fi àmì sórí gbogbo ẹ̀ dáadáa: "Ẹ kú àtijọ́! Ó tọ́ kó kú, ó ti gbó jù. Ọjọ́ wo ni mo ti ń sọ fún yín? Ẹ má sunkún rárá. Ẹ pe àwọn onírin àlòkù kí wọ́n wá gbé e, kí ẹ wá òmíràn tí agbára wà lára ẹ̀."

Àwọn yòókù bá gbà á lẹ́nu mi. Ọ̀kan ní kí wọ́n tú u tà lẹ́yọ lẹ́yọ. Ọ̀kan ní tòun náà kú lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun sì tì í sínú kòtò. Wọ́n pé mẹ́tàdínláàádọ́ta. Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń tẹ̀ wọ́n wọlé, ọwọ́ mi yìí náà ni.

Nígbà tó di ọ̀sán, orúkọ yẹn tún yọ: "Baba awon omo mi ni mo n so. Oun lo maa n ba yin soro laaro. A ti sin in lanaa."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ọkọ ni obìnrin yìí kọ, ọkọ̀ ni mo kà. Mo tún padà ka èsì tí mo kọ, bóyá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ á wà níbì kan nínú ẹ̀ tó lè gbà mí sílẹ̀. Kò sí. "Ó" ni òun pè é, "ó" ni èmi náà ń pè é, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá pè mí lórí fóònù. "Bàbá, kí ló dé? Èyí tó ń gbóná gan-an lẹ pa rẹ́ yẹn!"

"Ẹ jẹ́ kó tutù! Èèyàn ló kú!" Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Èyí tí obìnrin yẹn ti kà ti fọ́ ná.

Méèlì ẹni tó bá kọ kọ́mẹ́ńtì máa ń hàn sí mi. Mo kọ̀wé sí obìnrin náà, mo bẹ̀ ẹ́, mo ṣàlàyé. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ni ọkọ ẹ̀, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé ta ló máa gba irú ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ní kí wọ́n pe onírin àlòkù. Mo ní bí kò bá dárí jì mí, kò jẹ̀bi, kó ṣáà fèsì. Ọjọ́ márùn-ún, kò fèsì. Mo sunkún bí ọmọdé, mi ò sì rí ẹni fọ̀rọ̀ lọ̀. Ọmọ mi pè lọ́jọ́ Àìkú, ó ní ṣé mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹun.

Ọjọ́ kẹfà, èsì dé. Ó jọ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀ ló bá a tẹ̀ ẹ́, nítorí àmì pé lórí ẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́, mi ò bínú mọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí àwọn èèyàn ń sọ ò tiẹ̀ yé mi, nítorí ọkọ̀ ò sí nílé wa. A ti tà á láti ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ẹsẹ̀ bàbá àwọn ọmọ mi ò lè tẹ bíréèkì mọ́. Mo bi í nígbà yẹn pé kí ló tún ń kọ sí àwọn mẹkáníìkì láràárọ̀. Ó ní ẹni tó ń dáhùn níbẹ̀ ò lẹ́nì kan, pé ó ń tètè dáhùn jù, pé ẹni tó léèyàn nílé kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò lè fi í sílẹ̀. Nílé ìwòsàn, ó ní kí n rí i pé mo sọ fún yín, kí ẹ má baà máa retí òun."

Mo padà ṣí gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn kọ láti ọdún méjì sẹ́yìn. Eku tó ń jẹ wáyà. Ìró kan lábẹ́ ìjókòó. Táyà tó ń dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àkókò wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, tiẹ̀ àti tèmi. Mo wá ẹyọ kan péré, ẹyọ kan, tí mo jẹ́ kó pé ìṣẹ́jú márùn-ún kí n tó dáhùn. Mi ò rí i.