Rọ́ọ̀gì tí mo tẹ́ fún ọmọ onílẹ̀

Bàbá mi fowó ra ilẹ̀ tó kọ́lé sí ní Mòwé. Àwọn ọmọ onílẹ̀ tó wà lódìkejì títì ní tiwọn ni, pé ẹni tó tà á fún un kò láṣẹ láti tà á. Mo ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n kó àdá wá wó fẹ́ǹsì wa. Bàbá mi pàdánù eyín iwájú méjì lọ́jọ́ náà, ó sì rí ọ̀rọ̀ tí yóò máa sọ títí ayé. Láti ìgbà náà, ẹran Iléyá wọn kì í dé ọ̀dọ̀ wa, ìrẹsì Kérésì wa kì í sì sọdá títì.

Nínú gbogbo ọmọkùnrin tó wà láti Ìbàfò dé Ìfọ̀, ọmọ ẹni tó ṣáájú àwọn tó wó fẹ́ǹsì ni mo lọ fẹ́. Ẹ má bi mí léèrè. Fásitì Ìbògún la ti jọ kàwé, kò sì sí ẹni tó mọ̀ wá níbẹ̀. Bí ó bá ṣẹ̀ mí, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀ níwájú yàrá mi, tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ á máa fi í rẹ́rìn-ín.

Ọdún méjì la fi bẹ àwọn bàbá wa kí wọ́n tó gbà pé kí ìdílé méjèèjì ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé wa. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan, bàbá àfẹ́sọ́nà mi ránṣẹ́: "Ọmọ mi ò ní dọ̀bálẹ̀ fún àtọ̀húnrìnwá lórí ilẹ̀ bàbá mi."

Bàbá mi fèsì láti ihò eyín rẹ̀: "Tí kò bá ti ní dọ̀bálẹ̀, kó lọ fi ilẹ̀ ṣaya."

Èmi ni mo dá ọgbọ́n. Mo ra rọ́ọ̀gì ńlá kan, mo ní orí rọ́ọ̀gì ni yóò dọ̀bálẹ̀ sí, kì í ṣe orí ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbàlagbà méjèèjì rò ó títí bí ẹni ń dájọ́ ìlú, wọ́n gbà.

Lọ́jọ́ náà, mo ń yọjú láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Àfẹ́sọ́nà mi dé etí rọ́ọ̀gì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Bàbá rẹ̀ húkọ́.

"Abẹ́ rọ́ọ̀gì yẹn ńkọ́? Ta ló nilẹ̀ abẹ́ ẹ̀?"

Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo rọ́ọ̀gì, ó padà lọ jókòó. Kò tilẹ̀ wo apá ibi tí mo wà.

Inú bí mi débi pé ojú mi ṣú. Mo jáde tèmi ti gèlè, n kò dúró kí wọ́n pè mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká rọ́ọ̀gì náà. Àwọn bàbá méjèèjì, tí ẹnu wọn kò kò lórí nǹkan kan láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, bá fẹnu kò lójú ẹsẹ̀.

"Ọmọ yín mà ya aláìlẹ́kọ̀ọ́ o!" ni bàbá rẹ̀ wí.

"Ẹ bá mi bá a wí, jàre," ni bàbá mi dáhùn, ó sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

Mo ká a dé ibi tí ẹsẹ̀ àfẹ́sọ́nà mi wà. Ó pe orúkọ mi jẹ́jẹ́. N kò gbójú sókè. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú, bí mo bá sì wò ó, màá tún rọ́ọ̀gì náà tẹ́.