Bàbá Wolé-wolé àti Ikú Tanímọ̀la

Kò sí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òsí lọ́jọ́ ìsinmi yẹn tó lè gbàgbé rẹ̀. Ìsìn àárọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, Fíkà ti ka Bíbélì kìíní tán, nígbà tí Bàbá Akọ́ládé gba ẹnu ọ̀nà ńlá wọlé nínú ṣòkòtò péńpé kákí. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni o, bàbá ọmọ, bàbá ọmọ-ọmọ! Ṣòkòtò náà ò dé orúnkún. Bàtà rẹ̀ ń dún kò kò kò, akoto funfun tí ìjọba ìbílẹ̀ fún un nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ wolé-wolé wà lábẹ́ apá rẹ̀. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó lọ jókòó sí àga iwájú tó máa ń jókòó sí, ó ṣí ìwé orin, ó sì ń bá wa kọrin. Àwọn akọrin ò lè kọ ọ́ parí. Ọ̀kan nínú wọn fi aṣọ bojú, ejìká rẹ̀ ń mì, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé Ẹ̀mí ló bà lé e.

Lẹ́yìn ìsìn, Fíkà fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Bàbá, ẹ má bínú o, ṣé kò sí nǹkan?”

“Nǹkan wà, Fíkà. Tanímọ̀la ló kú.”

“Ha! Olúwa á tù yín nínú, sà. Ṣé ọmọ yín ni àbí ẹbí?”

“Ẹbí kẹ̀? Orí afárá ló ti já sódò, ní ojú ìwé kẹrìnlélógóje.”

Bí Bàbá ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó yà sí ẹ̀yìn ilé Fíkà. Aṣọ iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì lè kọjá láìwo nǹkan. Ó ṣí dúrọ́ọ̀mù omi tó wà lábẹ́ òrùlé, ó yọ tọ́ọ̀ṣì lápò, ó tàn án sínú rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. “Fíkà, ẹ wá wò ó. Tanwíjí nìyí.” Lóòótọ́, àwọn kòkòrò tíntìntín tó máa ń di ẹ̀fọn ń jó nínú omi. Bàbá fún Fíkà ní ọjọ́ méje kó fi wá ìdérí. Kí ọjọ́ Ajé tó ṣú, ìdérí tuntun ti wà lórí dúrọ́ọ̀mù.

Ìwé kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìjọba Ẹ̀yìn Ìkùukùu lorúkọ rẹ̀, ìtàn gígùn tí ẹnì kan ń kọ ní apá-apá, tí apá kan ń jáde lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, bó bá ṣe wu ẹni tó ń kọ ọ́. Ọba kan wà níbẹ̀ tí kò ní òjìji. Nítorí pé kò ní tirẹ̀, ó ń jí òjìji àwọn ẹlòmíì, ẹni tó bá sì jí òjìji rẹ̀ á gbàgbé ọ̀nà ilé. Tanímọ̀la, ọmọ àgbẹ̀ kan, ló gbéra láti lọ bá ọba náà jà. Láti ọjọ́ tó ti kúrò nílé ni ìyá rẹ̀ ti ń bo oúnjẹ dè é ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Ṣubúọlá tísà nìkan ló ní ìwé náà láàárín wa. Ọmọ rẹ̀ ló ń fi í ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Ní ọ̀sán Sátidé, a máa ń pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, kálukú pẹ̀lú ẹ̀gúsí tó fẹ́ bó, Ṣubúọlá á sì ka orí kan fún wa. Kò ní kà ju orí kan lọ, bí a bẹ̀ ẹ́, bí a sunkún. Ìyókù ọ̀sán, àríyànjiyàn ni. Ta ló máa kú? Ta ló máa jọba? Ta ló ń ṣe bí ọ̀rẹ́ tí kì í ṣe ọ̀rẹ́? Lọ́jọ́ tí Tanímọ̀la já sódò, èèpo ẹ̀gúsí la kó sínú abọ́ gbé lọ sílé. A ti da ẹ̀gúsí gangan sí ààtàn.

Bàbá Akọ́ládé ni ọ̀gá àríyànjiyàn yìí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wọ ilé onílé láti Eruku dé Isolo-Opin, kò sì sí ìkòkò omi tí kò tan iná sí. Bó ṣe ń wo ilé ló ṣe ń wo ìwé. Ó ní ìwé àjákọ kan tó pín ojú rẹ̀ sí mẹ́ta: ohun tí a rí, ohun tí a fura sí, ohun tó kù. “Ẹni tó ń kọ ìtàn á gba iwájú ilé dáadáa fún ọ,” ni yóò máa wí. “Ìwọ ṣáà lọ wo ẹ̀yìnkùlé.”

Nígbà tó rí i nínú ìwé kejì pé wọ́n so ẹṣin kan mọ́ igi, tí ẹnikẹ́ni ò padà débẹ̀ mọ́, ó fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ ọ́. Ṣubúọlá ló bá a wá àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn ìwé. Ó kọ ọ́ bó ṣe máa ń kọ ọ́ sí àwọn onílé: “Nígbà tí a bẹ ìwé yín wò, a rí ẹṣin kan tí ẹ so mọ́lẹ̀ ní orí karùn-ún, tí kò rí omi mu títí di òní. Ẹ ní ọjọ́ mọ́kànlélógún.” Èsì ò dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé kẹta jáde, ẹṣin náà la kọ́kọ́ rí, ó ki ẹnu bọ odò, ó ń mu omi. Bàbá dìde, ó fa ìlà sí i nínú ìwé rẹ̀. “Wọ́n ti tún un ṣe,” ó ní, ó sì jókòó.

“Ẹṣin á mu omi, ìwé dé o, ìwé ò dé o!” Hẹ́dímásítà Olúwadáre ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ Bàbá ni láti kékeré, ọ̀tá rẹ̀ sì ni ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tísà, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò rí i rí láìsí agbádá àti fìlà, ì báà jẹ́ ojúde ilé rẹ̀ ló jókòó sí.

Ọ̀rọ̀ tòótọ́ ni kí n sọ: gbogbo ìwádìí Bàbá yìí, kì í ṣẹ. Ó ní ayaba ni ọ̀dàlẹ̀, ayaba ló kú nítorí ìlú. Ó ní ẹyẹ tó ń sọ̀rọ̀ ti yadi, ẹyẹ náà sọ̀rọ̀ fún orí mẹ́ta gbáko. Ó wá dé ibi tó jẹ́ pé bí Bàbá bá ti ní nǹkan á ṣẹlẹ̀, ọkàn wa ti balẹ̀ pé kò ní ṣẹlẹ̀.

Naimat aránṣọ ló kọ́kọ́ rí èrè níbẹ̀, tàbí ó rò pé òun máa rí i. Ó fẹ́ràn alágbẹ̀dẹ kan nínú ìtàn náà débi pé ó máa ń gbàdúrà fún un. Ó sun iṣu, ó bu epo sí i, ó gbé e lọ bá Bàbá.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi sọ pé alágbẹ̀dẹ máa kú.”

“Kí ló fi ṣe ọ́?”

“Mo fẹ́ràn rẹ̀ ni, sà. Bẹ́ ẹ bá ti ní ó máa kú, mo lè sùn.”

Bàbá wò ó títí. Ó jẹ iṣu náà tán, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ṣí ìwé àjákọ. “Wọn kì í fi iṣu ra ìwádìí mi, Naimat. Ohun tí mo bá rí ni mo máa sọ. Alágbẹ̀dẹ yìí á gbó, á tọ́, á gbé ọmọ-ọmọ jó.”

“Yéè! Bàbá ti pa á!” Naimat ká ọwọ́ lérí, ó ń lọ sílé. Lẹ́yìn orí méjì, òrùlé wó lu alágbẹ̀dẹ. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Naimat ò fi kí Bàbá.

Ìgbà tí a dé ìwé kẹrin, tí Tanímọ̀la gun orí afárá lọ pàdé Ọba Aláìlójìji, Hẹ́dímásítà ní ọmọ náà máa kú. Bàbá ní kò ní kú. Ó fi aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ búra pé bó bá kú, òun á wọ ṣòkòtò péńpé kákí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Afárá já, omi gbé Tanímọ̀la lọ, àwọn ọmọ ogun sunkún padà sílé. Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi.

Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Bàbá dé pẹ̀lú ìwé àjákọ rẹ̀, ó ní òun kánjú wọ ṣòkòtò.

“Nínú gbogbo orí tí Ṣubúọlá kà yẹn, ta ló rí òkú?”

“Omi gbé e lọ, Akọ́ládé!” ni Hẹ́dímásítà dáhùn.

“Mo ní ta ló rí òkú? Nínú iṣẹ́ mi, bí mi ò bá fi ojú mi rí tanwíjí, mi ò ní kọ tanwíjí sílẹ̀. Ọmọ yìí ò kú.”

Hẹ́dímásítà rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀. “Bí ọmọ yẹn bá jáde láàyè, èmi Olúwadáre á wọ ṣòkòtò péńpé rẹ yẹn, màá sì jókòó síwájú Fíkà.”

“Kọ ọ́ sílẹ̀.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì buwọ́ lù ú. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni Bàbá ń fẹ́ láyé: kí ìwé karùn-ún jáde lójú òun, kí òun sì fi ojú ara òun rí orúnkún Olúwadáre nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ìparí gbogbo oṣù, ó ń fọ ṣòkòtò náà, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń gbé e kọ́. Ọdún méjì kọjá. Ìwé ò jáde.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá yìí ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, èémí rẹ̀ kúrú. Kódà lórí ibùsùn, ó ní kí nọ́ọ̀sì da omi inú kọ́ọ̀pù nù kó pọn òmíràn. A gbé ìwé kíkà lọ sí yàrá rẹ̀, Ṣubúọlá sì ń ka àwọn orí àtijọ́ fún un. Ìròyìn wá dé pé ìwé karùn-ún ń bọ̀ ní àsìkò Àjíǹde. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ojú dókítà sọ fún wa pé Bàbá ò ní lè dúró dè é.

Naimat àti Ṣubúọlá kúnlẹ̀ sẹ́bàá ibùsùn.

“Bàbá, ẹ bá wa sọ ọ́ sà,” ni Naimat wí.

“Kí n sọ kí ni?”

“Pé ẹ ò ní gbọ́ ìwé karùn-ún.”

Nígbà tí ohun tí wọ́n ń wí yé Bàbá, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Ọkùnrin tí kò gba iṣu yí ìwádìí rẹ̀ padà rí, ó wo ojú Naimat, ó rí omi níbẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé ìwé àjákọ wá. Ó kọ ọ́, ó sì kà á síta: “Ohun tí a fura sí: Akọ́ládé Wolé-wolé ò ní gbọ́ ìwé karùn-ún.”

Naimat pàtẹ́wọ́, ó fò sókè. “Ó ti sọ ọ́! Ó ti parí! Bàbá ò lọ ibì kankan!” Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, Bàbá náà ń rẹ́rìn-ín. Hẹ́dímásítà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró ti fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

Bàbá kú ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, lọ́jọ́ Ẹtì, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Ó dùn wá o. Ó dùn wá gan-an ni. Naimat ní òun ló yẹ kí wọ́n dá lẹ́bi, òun ló ní kó sọ ọ́. Ṣubúọlá ló sọ fún un pé Bàbá ti mọ̀ kí wọ́n tó kúnlẹ̀, pé nítorí tiwọn ló ṣe kọ ọ́.

Ìwé karùn-ún dé lẹ́yìn Àjíǹde. Ṣubúọlá ò ṣí i títí di Sátidé. A gbé akoto sórí àga Bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbé ẹ̀gúsí wá.

Nínú orí kìíní, ilẹ̀ ń ṣú lọ, ìyá Tanímọ̀la ń bo oúnjẹ bí ìṣe rẹ̀. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Apẹja kan ni, ó fa ọkùnrin kan lọ́wọ́ tí kò ní òjìji, tí kò sì mọ ilé rẹ̀. Apẹja ní inú odò lòun ti rí i, pé láti ìgbà náà lòun ti ń mú un wọ ilé kan bọ́ sí òmíràn. Ọkùnrin náà gbóòórùn ọbẹ̀, ó dúró, kò rìn mọ́. Ìyá ṣí oúnjẹ. Ó ní, “Tanímọ̀la, ó ti tutù díẹ̀ o.”

Ṣubúọlá gbé ìwé lé itan. Naimat ti bú sẹ́kún, “Bàbá mọ̀! Ẹ̀yin èèyàn, Bàbá mọ̀!” Ó wù wá ká fọwọ́ kan ẹni tó ni àga yẹn, ká ní “ẹ káre, sà,” ṣùgbọ́n ó ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Hẹ́dímásítà Olúwadáre dìde, ó ṣí fìlà rẹ̀.

“Naimat,” ó ní, “bá mi lọ mú ṣòkòtò náà wá. Akọ́ládé sanra jù mí lọ. Wàá bá mi gba ìdí rẹ̀ wọlé.”

Ní ọjọ́ ìsinmi, lẹ́yìn Bíbélì kìíní, ó gba ẹnu ọ̀nà ńlá wọlé. Orúnkún rẹ̀ rí ṣóńṣó, kò sí fìlà lórí rẹ̀, akoto wà lábẹ́ apá rẹ̀. Àwọn ọmọdé kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwọn akọrin gbà á lẹ́nu wọn, òun náà ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láàárín àwọn àga, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Fíkà dá ìsìn dúró títí ó fi jókòó sí àyè Bàbá.

Lẹ́yìn ìsìn, kò yà bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó gba ẹ̀yìn ilé Fíkà lọ, ó ṣí ìdérí dúrọ́ọ̀mù, ó yọ tọ́ọ̀ṣì Bàbá lápò ṣòkòtò, ó tàn án sínú omi. Ó pẹ́ kó tó gbé ojú sókè.

“Ó mọ́, Akọ́ládé,” ló wí. Ó sì rọra dé e padà.