Obìnrin Òkéné Tí Mo Tìlẹ̀kùn Mọ́

Kí n tó ronú, mo ti pa ilẹ̀kùn dé, mo ti fi irin há a. Obìnrin kan ló dúró síta, tó wọ aṣọ bí àwọn Ìgbìrà ṣe ń wọ̀ ọ́. Ó kí mi ni, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Síbẹ̀ inú mi ń dùn, èmi ọmọdé, pé mo gba ilé là.

Ẹ̀yìnkùlé ni ìyá màmá mi wà nídìí òfì, nílé wa l'Ọ̀wọ̀, láàárín òórùn aró àti òwú tútù. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti wú. Apasà, pátákó tí wọ́n fi ń ki òwú mọ́ra, tó máa ń dún pà, pà láti àárọ̀, ti dákẹ́ láti ọjọ́ méjì. Aṣọ tó wà lórí òfì náà ni wọ́n fẹ́ fi bo pósí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú lọ́jọ́ kejì. Ó ti ṣèlérí fún un pé aṣọ ọjà kò ní bò ó wọlẹ̀.

Ó bi mí ta ló kanlẹ̀kùn. Mo ní Ìgbìrà kan ni, mo ti lé e.

Ìyá àgbà káwọ́ lérí. Òun ló ránṣẹ́ sí i ní Òkéné pé kó wá bá òun hun ìyókù.

Eré ni mo fi dá a lóhùn. Mo fo gọ́tà, bàtà mi kan jábọ́, mi ò wẹ̀yìn. Mọ́tò Òkéné ti ń gbéra ní gáréèjì nígbà tí mo lu ara rẹ̀ gbàgbà. Obìnrin náà bọ́ọ́lẹ̀, ó dì mí lọ́wọ́ mú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le koránkorán bíi ti ìyá àgbà.

Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti bá wa hun aṣọ náà parí, mo sì ń jó yí òfì ká. Mo bẹ obìnrin náà, mo ní wọ́n sọ fún mi pé Ìgbìrà máa ń gbọ́mọ lọ.

Ìyá àgbà ò gbójú sókè. "Ẹnu mi ni o ti gbọ́ ọ. Òun ni mo fi ń dẹ́rù bà ọ́ tí o bá ń sunkún."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ará Ọ̀wọ̀ làwa fi ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ tiwa."

Mo ti dàgbà, àmọ́ ọwọ́ ọjọ́ yẹn ṣì wà lára mi. Bí àjèjì bá kanlẹ̀kùn, òun ló ń kọ́kọ́ dé ìdí irin. Ojú ń tì mí. Mo máa ń rántí gáréèjì, mo sì ń tún ilẹ̀kùn ṣí kí mọ́tò tó lọ.