Àdúrà Bàbá Anfinn Tó Gùn Jù

Kò sí ẹni tó lè sọ pé Oddlaug kò lẹ́nu. Òun ló ń wa takisí kan ṣoṣo tó wà ní erékùṣù kékeré tí wọ́n ń gbé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ rẹ̀ ní èbúté, kó tó sọ̀ ní ilé ìtajà, yóò ti gbọ́ ẹni tó bímọ, ẹni tí àgùntàn rẹ̀ já wọ ọgbà ẹlòmíràn, àti ìdí tí ìyàwó dókítà fi kó lọ sí Bergen. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ń pè é ní Rédíò. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ náà ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo ni ẹnu yìí ti máa ń pa dé, ibẹ̀ sì ni ilé àdúrà. Bí wọ́n bá ti ní kí oníkálukú gbàdúrà bí Ẹ̀mí bá ṣe darí rẹ̀, Oddlaug á tẹ orí ba, á máa wo bàtà rẹ̀. Ó ń kọrin, ó ń gbálẹ̀, ó ń yan wáfúlù láàárín irin gbígbóná fún ìpanu, ṣùgbọ́n kó gbàdúrà sókè, rárá o. Kò sì sí ẹni tó kíyè sí i, nítorí Bàbá Anfinn wà níbẹ̀.

Bàbá Anfinn ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Apẹja ṣáwá ni nígbà tí agbára ṣì wà, bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ńṣe ló dà bí ẹni tó ta ìgbòkun. Á gbéra láti èbúté tiwọn, á kó gbogbo aláìsàn erékùṣù náà sínú ọkọ̀, á yà kí àwọn aṣòfin ní Oslo, á kọjá sí Ísírẹ́lì, á gba Kamẹrúùnù, á gúnlẹ̀ sí Madagásíkà níbi tí àwọn míṣọ́nnárì wà. Àwọn obìnrin inú ilé ìdáná mọ ọ̀nà náà dunjú. Bó bá ti dé Madagásíkà, wọn á gbé omi kọfí kaná, nítorí ó ku Ṣáínà nìkan. Nígbà tó bá máa fi ṣe àmín, àwọn kan ti sùn, wọ́n ti jí.

Ní oṣù kìíní ọdún kan, Jorunn, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tó sì jẹ́ alága ilé àdúrà, pe ìgbìmọ̀ jọ. Ó ní àga ń ṣófo, àwọn ọmọ àwọn kò wá mọ́, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sì ti dà bí oúnjẹ àná lẹ́nu àwọn tó kù pàápàá. Kí wọ́n ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀, kí wọ́n bẹ Ọlọ́run fún ìsọjí. Gbogbo wọn gbà. Wọ́n pín iṣẹ́: ẹni tí yóò wá igi sísun, ẹni tí yóò yan orin, ẹni tí yóò kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Jorunn wá ní kí wọ́n múra ọkàn sílẹ̀ pẹ̀lú, kí oníkálukú yẹ ara rẹ̀ wò, bóyá ohun kan wà tó ń dí ọ̀nà.

"Mo mọ ohun tó ń dí ọ̀nà," ni Oddlaug wí, ó ń to wàràkàṣì sórí búrẹ́dì. "Bàbá Anfinn ni. Ta ló tún lágbára láti bẹ̀bẹ̀ fún ìsọjí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé wa dé Ṣáínà? Ẹ̀mí Mímọ́ gan-an fẹ́ sọ̀rọ̀, kò ráyè."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Jorunn ló kọ́kọ́ nu ojú. "Òótọ́ ni. Ó yẹ kí ẹnì kan bá wọn sọ ọ́."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀," ni Oddlaug wí.

"Ìwọ lo máa gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Ọjọ́bọ̀, àbí?"

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti tán lẹ́nu Oddlaug. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, Bàbá Anfinn jókòó síwájú ọkọ̀, ó gbé fìlà lé orúnkún. Oddlaug rọra ń wakọ̀ lọ lẹ́bàá òkun, ó ń wá ibi tí yóò ti mú ọ̀rọ̀ náà.

"Bàbá, ọ̀fun yín ńkọ́?"

"Ọ̀fun mi? Kí ló ṣe é?"

"Mo ní bóyá ó máa ń dùn yín ni, tí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ pẹ́."

"Ọ̀fun tó ti ń pariwo mọ́ ìjì láti kékeré? Kò ṣe é ní nǹkan kan."

Oddlaug gba ọ̀nà mìíràn. "Ìdúró yẹn náà wà níbẹ̀. Orúnkún yín kò dára, ẹ sì máa ń dúró tí ẹ bá ń gbàdúrà."

"Oddlaug, dókítà ni mò ń lọ rí. Àbí ìwọ náà ti di dókítà ni?"

Nígbà tí wọ́n dé orí afárá gígùn, tí atẹ́gùn ń ti ọkọ̀, ó rí i pé kò sí ọ̀nà mìíràn mọ́. "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Àdúrà yín ti gùn jù. Gbogbo wa la sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́."

Bàbá Anfinn kọjú sí òkun. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Oddlaug rò pé òun ti pa bàbá arúgbó lẹ́kún. Àṣé ẹ̀rín ni bàbá ń rín.

"Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí ẹ sọ ọ́," ni bàbá wí.

"Ẹ mọ̀?"

"Ṣé mi ò nímú ni? Mo máa ń gbọ́ òórùn kọfí láti Madagásíkà." Ó nu ojú. "Gbọ́, ọmọ mi. Nígbà tí ìyá rẹ wà láyé, bí mo bá ṣe àmín, òun á gbà á lẹ́nu mi, bàbá Jorunn á gbà á lẹ́nu tiẹ̀. Wọ́n kú. Ìgbà tí mo ṣe àmín lẹ́yìn wọn, kẹ́kẹ́ pa. Ojú tì mí níwájú Ọlọ́run. Mo ní kí n fi Ísírẹ́lì kún un, bóyá ẹnì kan á ti múra tán kí n tó padà. Kò sẹ́ni tó múra. Mo fi Kamẹrúùnù kún un. Bí mo ṣe dé Ṣáínà nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ rán mi lọ."

Oddlaug dín eré ọkọ̀ kù.

"Lọ́jọ́ Ajé tí a máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ àdúrà náà, mi ò ní kúrò ní èbúté," ni bàbá wí. " Màá ṣe àmín, màá jókòó. Ìwọ lo máa gbà á."

"Èmi? Bàbá, mi ò mọ̀ ọ́n ṣe."

"Ìwọ tó o ti ń sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà mi?"

"Èèyàn ni mò ń bá sọ ìyẹn."

"Bá Ọlọ́run náà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò ní bínú."

Láti ọjọ́ náà ni Oddlaug ti ń fi àdúrà kọ́ra nínú takisí tó ṣófo. Ó kọ́kọ́ fi ohùn àlùfáà bẹ̀rẹ̀, ó ń pe oyè Ọlọ́run lóríṣiríṣi, títí tí ara rẹ̀ fi pa á lẹ́rìn-ín. Apẹja kan ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ bá a lẹ́nu rẹ̀.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ìwọ kọ́. Wọlé, otútù ń wọlé."

Ohun tó wá ń dààmú rẹ̀ ni pé kò mọ ohun tí òun fẹ́ tọrọ. Ìsọjí, ó dára, ṣùgbọ́n kí ni? Ó ro ọmọbìnrin rẹ̀ ní Stavanger, tó máa ń yí ọ̀rọ̀ padà bí wọ́n bá ti dárúkọ Ọlọ́run. Ó wá bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun ti bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ Ọlọ́run rí láìbá a wíjọ́. Kò rántí ọ̀kan.

Ọjọ́ Ajé dé. Bàbá Anfinn dìde, ó ní kí Ọlọ́run ṣàánú erékùṣù náà, ó ṣe àmín, ó jókòó. Láti ilé ìdáná ni ohùn obìnrin kan ti jáde: "Ẹ wò ó, ṣé kò sí nǹkan o?" Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó gba àdúrà náà. Igi ń ta nínú ààrò. Oddlaug wo bàtà rẹ̀ títí, ó sì dìde.

"Olúwa, Oddlaug ni, èmi tí mò ń wa takisí." Ẹnì kan fi ikọ́ bo ẹ̀rín. "Mo mọ̀ pé o mọ̀ mí. Mi ò mọ bí ìsọjí ṣe rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ti rẹ̀ wá. Gbogbo èèyàn ní erékùṣù yìí ni mo ti sọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn, mi ò sì sọ̀rọ̀ ẹnì kankan fún ọ rí. Ìyàwó dókítà lọ, mo ń sọ ìtàn rẹ̀ kiri, mi ò bẹ̀ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Jọ̀ọ́, tó o bá máa bẹ̀rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mi."

Ó gbàgbé àmín, ó jókòó lójijì. Kò pẹ́ tí Jorunn fi gbà á, kì í sì í ṣe ohùn alága ló fi gbà á. Ọkùnrin tó kó yìnyín náà tẹ̀ lé e, ó ń kólòlò. Ẹnikẹ́ni kò rántí gbé omi kọfí kaná.

Kí n má parọ́, iná kò sọ̀ láti ọ̀run lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jáde, wọn kò tètè lọ. Inú yìnyín ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

Oddlaug ń gbé Bàbá Anfinn lọ sílé. "Bàbá, ṣé ẹ rò pé Ọlọ́run gbọ́?"

"Bí kò bá gbọ́, òun nìkan ni kò gbọ́. Ohùn rẹ kì í ṣe kékeré."

Oddlaug rẹ́rìn-ín títí ó fi kọjá ilé bàbá, ó ní láti fi ẹ̀yìn rìn padà. Bàbá sọ̀kalẹ̀, ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú.

"Ọ̀la ńkọ́?"

"Màá wá gbé yín ní agogo mẹ́fà."

"Kì í ṣe ọkọ̀ ni mò ń bi ọ́."

"Mo mọ̀, Bàbá," ni Oddlaug wí.