Àtẹ̀jíṣẹ́ Tí Kò Jábọ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí n dàgbà nínú ìjọ kékeré kan ní Aké, tó sì fún mi ní etí tó ń gbọ́ ìbáwí.

Yunifásítì ní Alábàtà ni mo wà nígbà náà. Ọ̀gá akọrin wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, fẹ́ fẹ̀yìn tì, ọmọ rẹ̀ fẹ́ mú un lọ sí Ìbàdàn. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ wá: kí gbogbo ohùn pé nígbà tó bá darí orin ìkẹyìn rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ìsìnkú kan gba ilé ìjọsìn ní Sátidé, a bá yí ìdánrawò sí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Mo kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kan kò ní dúró de èkejì. Nígbà tí mo dán an wò, nọ́ńbà kan tí kò lọ dá gbogbo yòókù dúró. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í sáré gbé ìròyìn burúkú wá síwájú àgbà. Mo bá kọ ọ́ pé bí àṣìṣe bá wáyé, kó gbé e mì, kó máa lọ. Ètò náà ní gbogbo rẹ̀ ti parí. Mo yọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹyọ ọkùnrin kan ló wá nínú àwọn tó ń kọ báàsì, ohùn ìsàlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tí òun náà jẹ́ akọrin, ló sọ fún un. Bàbá wo àwọn àga tó ṣófo.

"Ta lo rán sí wọn?"

"Kọ̀ǹpútà ni, sà. Ó ní òun ti parí."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó parí. Ta ló bá nílé, ta ni kò bá?"

Mo ṣí kọ̀ǹpútà lórí bẹ́ńṣì, mo yọ ìlà tó ń gbé àṣìṣe mì. Mo ní kí àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mú àbọ̀ tirẹ̀ wá, ire tàbí ibi, kí èyí tó bá kọsẹ̀ má sì dá òmíràn dúró. Mo tún un rán. Fóònù gbogbo wa dún pọ̀ nínú ilé ìjọsìn, ẹ̀rín sọ. Yàtọ̀ sí ti ọkùnrin báàsì yẹn, orúkọ márùn-ún mìíràn jáde pé wọn kò rí i gbà, báàsì ni gbogbo wọn: ikán ti jẹ etí ìwé tí mo ti da nọ́ńbà wọn kọ, mi ò sì kíyè sí i.

A gun ọ̀kadà lọ bá wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ dé láti Láfẹ́nwá ṣì wọ aṣọ iṣẹ́.

"Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ẹ ti fi kọ̀ǹpútà lé wa kúrò ní kọ́áyà!"

Mẹ́rin ló wá. Ẹ̀karùn-ún ti kó lọ, a kò mọ ibi tó wà. Bàbá ní ká fi àyè rẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí báàsì wọlé sínú orin, Bàbá di ojú, ó ń gbọ́ wọn. Mo ti kọ ọ̀pọ̀ ètò láti ìgbà náà, n kò sì bo àṣìṣe kankan mọ́lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n àárò ohùn ẹnìkarùn-ún tí a kò rí yẹn ṣì ń sọ mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ọjọ́ tí ẹ bá nílò àwọn èèyàn yín, Olúwa kò ní jẹ́ kí ẹ wá wọn tì. Àmín.