Bí Àna Mi Ṣe Wá Iná Lọ sí Ìkógòsì

Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni, ní ọdún kejì lẹ́yìn tí a gba òmìnira. Ilẹ̀ kò tíì mọ́, ọyẹ́ sì ti gba gbogbo ìlú, nígbà tí èmi àti aya mi, Ìyá Dàpọ̀, wọ ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà tí a háyà ní iwájú ilé wa ní Ìkọ̀lé. Ìkógòsì ni à ń lọ, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń sun láti inú òkè, tí wọ́n sì ń pàdé ní ojú kan tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sí ọ̀kan, kí ó fi ti òsì sí èkejì.

Kì í ṣe fàájì nìkan ni a bá lọ. Àna mi, ẹ̀gbọ́n aya mi tí ń gbé ní Ìdó, ni ọ̀rọ̀ náà ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Àgbẹ̀ oníkòkó ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í yẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀, Mojí, ti parí ilé-ìwé Mọ́dà, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà obìnrin sì ti gbà á. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ náà sọ létí bàbá rẹ̀ pé inú ilẹ̀ ayé gbóná, pé bí a bá ṣe ń wọ inú rẹ̀ lọ tó ni ooru ń pọ̀ tó. Àna mi rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ife ẹmu rẹ̀ sílẹ̀.

“Kànga mẹ́ta ni mo fi ọwọ́ ara mi gbẹ́,” ni ó wí. “Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni ó ń tutù. Bí irú èyí ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ó tó gẹ́ẹ́. Wá bá ìyá rẹ sá kòkó.”

Èmi tí mo wà níjòókòó ni mo dárúkọ Ìkógòsì. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Bí mo bá fi ojú mi rí omi gbígbóná tí ẹnikẹ́ni kò dáná sí, mo gbà pé ìwé kò purọ́, Mojí á sì lọ. Bí n kò bá rí i, kí ẹnikẹ́ni má dá ọ̀rọ̀ ilé-ìwé sílẹ̀ mọ́ nínú ulé mi.” Ulé ni àwa ará ìhà yìí ń pe ilé, bí a ti ń pe iná ní uná, tí a sì ń pe iṣu ní uṣu.

A dé Ọ̀yẹ́ bí ilẹ̀ ti ń mọ́. Ọ̀nà náà pupa bí osùn, eruku rẹ̀ sì fọ́n lé aṣọ funfun mi títí mo fi dà bí ẹni tí ó yí nínú ata gígún. A ra àkàrà gbígbóná àti ẹ̀kọ, kọ́bọ̀ mẹ́ta tó gbogbo wa jẹ àjẹyó. A gba Ìfàkì kọjá, a sì bá àna mi ní Ìdó tí ó ti dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó dé fìlà, ó fi àpò kọ́ èjìká. Mojí dúró lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ wú bí ojú ẹni tí kò sùn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, nítorí àna ni àna í jẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ rí oòrùn.

“Kí ni ẹ gbé sínú àpò, ẹ̀gbọ́n mi?” ni aya mi bi í.

“Uṣu ni. Ohun tí ó bá gbóná, ó yẹ kí ó se uṣu jinná. Bí kò bá sè é, gbígbóná kọ́ nìyẹn.”

Láwàní, dẹ́rẹ́bà wa, yí ojú padà. “Bàbá, ẹ bá kúkú gbé odó dání.”

“Ìwọ, wa ọkọ̀ rẹ.”

Láti Ìjerò lọ sí Aramọkọ ni ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, àpáta a máa dúró ní ìhòòhò, orí rẹ̀ a máa dán nínú oòrùn. Ní ìhà ibẹ̀, igbó ni ó da aṣọ bo àwọn òkè láti ẹsẹ̀ dé orí. Ọkọ̀ ń gun òkè bí arúgbó tí ń gun àjà. Nígbà tí a kọjá Erìjìyàn tí a sì wọ Ìkógòsì, a fi ọkọ̀ sílẹ̀, a sì rìn wọ abẹ́ igi ńláńlá. Òtútù ibẹ̀ mú ju ti ojú ọ̀nà lọ, ṣùgbọ́n èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ ń gòkè láti ojú omi. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbàgbé pé ẹsẹ̀ ń ro mí.

Àna mi kò tilẹ̀ wo omi. Ó rí ilé díẹ̀ tí àwọn òyìnbó oníwàásù kọ́ sí ìtòsí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọn ká, ó ń wo ẹ̀yìn ilé, ó ń wo àárín igbó. Ìyá àgbà kan tí ń fọ aṣọ nínú omi wò ó títí ó fi sú u.

“Bàbá, kí ni ó sọnù lọ́wọ́ yín?”

“Uná ni mò ń wá, ìyá.”

“Ẹni tí ó ń wá iná, ilé ìdáná ni í lọ.”

“Ta ni ń dáná sí omi yìí? Àbí àwọn òyìnbó ni?”

“Ibí ni ìyá mi ti wẹ̀ mí ní ìkókó, òyìnbó kò sì tíì mọ ọ̀nà ibí nígbà náà. Bí ẹnìkan bá wà tí ń dáná sí i, iṣẹ́ rẹ̀ mà pọ̀ o, kò tíì sinmi láti ìgbà ayé ìyá mi.”

Láwàní rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. Àna mi kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀kalẹ̀ sí ibi tí omi méjèèjì ti pàdé, ó fi okùn so iṣu rẹ̀, ó sì rì í sínú èyí tí ó gbóná. A jókòó, a jẹ ìyókù àkàrà wa. Nígbà tí ó yọ iṣu náà, ó gé e jẹ. A gbọ́ kàrù-kàrù rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

“Tútù ni,” ni ó wí. “Omi ìwẹ̀ abiyamọ lásán. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò gbóná. Ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ jẹ́ kí a máa lọ ulé.”

Aya mi dì mí ní apá mú. Mojí ni ó kúnlẹ̀ sórí yanrìn.

“Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ọbẹ̀ tí a bá gbé kúrò lórí iná, tí a gbé e rìn jìnnà, ṣé á gbóná bí ti àkọ́kọ́?”

“Báwo ni yóò ṣe gbóná?”

“Omi yìí ti rìn, bàbá mi. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé e padà síbi tí ó ti wá.”

Àna mi ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó sì wọ inú omi. Bàbá ń lọ níwájú, ọmọ ń tẹ̀lé e, àwa sì ń tọ̀ wọ́n ní etí bèbè. Ní gbogbo ìgbà tí àna mi bá rìn síwájú díẹ̀, á dúró, á fi ẹsẹ̀ wo omi náà, bí ẹni tí ń wo ilẹ̀ oko tuntun. Nígbà tí ó dé ojú ìsun gan-an, níbi tí omi ti ń rú jáde lábẹ́ òkúta, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò kíá.

“Kànga mi ńkọ́?” ni ó béèrè, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀.

“Bàbá mi, kànga yín kò tíì jìn tó ni.”

“Ṣé o ń bú mi ni?”

“Rárá, sà.”

Ní Aramọkọ tí a ti dúró jẹ iyán, tí itan ìgalà yíyan kò ju ṣílè mẹ́ta lọ, àna mi ń jẹun, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ní Ìjerò, aya mi bi í bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó mi orí. Mojí fi ojú sí ìta láti ìgbà náà títí a fi dé Ìdó.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ń ta ayò ní ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀. Kò tíì sọ̀kalẹ̀ tán tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wọn: omi tí ń gbóná láì sí iná, ooru tí ń pọ̀ bí ènìyàn ti ń lọ sí ìdí rẹ̀. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹmu Aramọkọ le o,” ni ọ̀kan wí.

“Ẹ bi í bóyá ó rí ẹja dídín níbẹ̀,” ni èkejì wí.

Àna mi na ìka sí wọn, inú ń bí i ní tòótọ́. “Ẹ̀yin tí ẹ kò kàwé, kí ni ẹ mọ̀? Ẹ ṣe sùúrù. Nígbà tí Mojí bá ti ilé-ẹ̀kọ́ tíṣà dé fún ìsinmi, yóò jókòó síbí, yóò sì là á yé yín.”

Mojí tí ó ti gbé agbọ̀n ẹrù wọn lé orí dúró gbagidi. Aya mi gba agbọ̀n náà lórí rẹ̀ kí ó má baà jábọ́.

Oòrùn ti wọ̀ kí a tó dé Ìkọ̀lé, eruku sì ti kún inú irùngbọ̀n mi. Ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Mo ti ń bá àna mi jiyàn láti ọdún pípẹ́, n kò sì borí rí. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó bá a jiyàn nínú omi yẹn, ẹsẹ̀ náà ni ó sì borí.