Kíndìnrín Hamidat Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ìpàdé

Hamidat ń dirun lẹ́bàá Ọ̀fà Garage. Nígbà tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ wú, àwọn oníbàárà ní ìgbádùn ló ń hàn lára rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì pọ́n, wọ́n ní ìpara abóra ló ń lò. Orúnkún ń ro ó, ìtọ̀ rẹ̀ ń hó bí omi ọṣẹ, síbẹ̀ oníkẹ́míìsì àdúgbò ò mọ̀ ju ibà àti táífọ́ọ̀dù lọ. Ó gba abẹ́rẹ́ títí ó fi sú u.

Dókítà obìnrin kan ní ọsibítù ló wá pe àìsàn náà lórúkọ: lúpọ́ọ̀sì. Ó ní àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa ṣọ́ ara ló dojú ìjà kọ ara, wọ́n sì ti dé kíndìnrín. Ó fẹ́ fi abẹ́rẹ́ mú ẹran bíńtín níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, kó lè mọ oògùn tó tọ́.

Mùsílíù ọkọ rẹ̀ ní òun ò lè dá pinnu, àfi kí ẹbí pàdé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìyá Sàlíhù, ní ṣe ni wọ́n fẹ́ yọ kíndìnrín ìyàwó àwọn tà. Bàbá kan ní kó máa mu àgbo. Òmíràn bi í bóyá kò lóyún. Hamidat ṣàlàyé, ó tún un ṣàlàyé, wọ́n sún ìpàdé sí Jímọ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí Jímọ̀ dé, bàtà ò wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dìde láàárín wọn.

“Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni mò ń tọ ìtọ̀ yìí. Mò ń lọ.”

Mùsílíù ráhùn tẹ̀ lé e dé ìdí kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó sì wọlé tì í.

Ní ọsibítù, wọ́n dá a dojú bolẹ̀, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora lẹ́yìn, wọ́n sì mú ẹran bíńtín náà. Kò tíì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì tí Ìyá Sàlíhù fi pè, tó ń bi í èwo nínú méjèèjì ni wọ́n yọ. Hamidat na fóònù sí ọkọ rẹ̀, ó yíjú sí ògiri.

Nígbà tí èsì dé, dókítà ní kíndìnrín kún fún asẹ́ wẹ́wẹ́ tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Púpọ̀ nínú ti Hamidat wú, díẹ̀ ti di àpá.

“Èyí tó wú ṣì lè padà sípò. Èyí tó ti di àpá ti lọ nìyẹn. Ká ní ẹ tètè wá ni.”

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn bí i nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó gbé ìbínú náà mì, ó gba oògùn.

Oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Wíwú ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó ti padà sídìí irun. Mùsílíù ló wá sọ ara rẹ̀ di dókítà: á pè é lẹ́nu iṣẹ́, á bi í bóyá ó ti lo oògùn, á tún pè pé ṣé ó dá a lójú. Ó ń sú Hamidat. Ó ń dá a lóhùn.